Ẹni Ìkẹyìn Lórí Okùn Àǹtí Mi

Ẹ jókòó. Ẹ má wò mí bí ẹni tó fẹ́ na ẹnikẹ́ni. Mi ò bínú sí Dámi. Ọmọ kékeré ni, ohun tí ọmọ onínúure máa ń ṣe ló ṣe. Ó wọ yàrá lọ láàárọ̀ yìí kí ẹ tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó fẹ́ kí Màmá Tísà. Màmá bi í pé, ṣé ẹni ìkẹyìn ti kọjá? Dámi ní bẹ́ẹ̀ ni mà, gbogbo wọn ti kọjá. Ó rò pé òun ń tù ú nínú ni. Ẹnu ọ̀nà ni mo wà tí mo ti gbọ́ ọ. Omi tí mo gbé lọ́wọ́ dà sí mi lára, mo sì kígbe wọlé bí ẹni tí ẹ̀mí gbé, mò ń ní, "Ó kù, Àǹtí, ó kù o." Ìgbà tí ẹ wọlé dé, ohun tí ẹ bá nìyẹn. Àwọn kan nínú yín fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Mo rí yín. Ẹ lè rẹ́rìn-ín, arúgbó ṣoge rí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀ ná, torí ẹ̀rù ń bà mí, ẹ̀rù gidi bí ti ọmọdé, mi ò sì fẹ́ máa dá a bà mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ yìí, Màmá Tísà lẹ gbọ́ lẹ́nu gbogbo àdúgbò, òun lẹ ń pè é. Èmi, Àǹtí ni mò ń pè é. Ọmọ ìyá mi ni. Àwọn tó wà láàárín àwa méjèèjì kò dúró, ìyá wa bí wọn, ó sì sin wọ́n, ìdí nìyẹn tí ó fi fi ọdún púpọ̀ jù mí lọ. Nígbà tí wọ́n fi mí sílé ìwé, òun gan-an ni tísà tó kọ́ mi ní a-bí-dí. Ẹ fi ọ̀rọ̀ àwọn tí kò dúró yẹn sọ́kàn, ó ní ibi tí mò ń mú un lọ.

Yábàá tí ẹ mọ̀ yìí kọ́ ni mo mọ̀. Lónìí, fóònù ló ń jí yín. Nígbà tiwa, rélùwéè ló ń jí wa. Fèrè rẹ̀ á kọ́kọ́ dún lókèèrè lápá Muṣin, bí ẹni tó ń pe ọmọ rẹ̀ nínú ọjà. Èédú ló ń jẹ nígbà náà, èéfín rẹ̀ dúdú, ìyá wa kì í sì sá aṣọ funfun títí èyí àárọ̀ á fi kọjá. Lẹ́yìn fèrè, ilẹ̀ á máa gbọ̀n. Abọ́ á máa lu abọ́ lórí pẹpẹ. Bí a bá ń gbàdúrà òwúrọ̀ lọ́wọ́, bàbá wa á dákẹ́, gbogbo wa á dijú dè é, bó bá kọjá tán, bàbá á tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó bá a dé. Ó pẹ́ tí mo fi gbà pé Ọlọ́run pàápàá máa ń dúró de rélùwéè.

Apá ìhín irin ni ilé wa wà, ilé ìwé ìjọ wà lápá ọ̀hún. Kò sí fẹ́ǹsì, kò sí afárá ẹlẹ́sẹ̀. Géètì wà lọ́nà mọ́tò, onígéètì kan sì ń ṣọ́ ọ, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ rìn dé ọ̀hún nígbà tó jẹ́ pé iwájú ilé rẹ̀ ni irin wà? Èyí tó burú jù ni rélùwéè akẹ́rù, tó ń kó ẹ̀pà àti màlúù bọ̀ láti òkè Ọya. Bí wọn kò bá tíì ṣí ọ̀nà fún un lápá Ìjọra, á dúró síbẹ̀ gbagidi, wágọ́ọ̀nù lẹ́yìn wágọ́ọ̀nù, kò ní síwájú, kò ní sẹ́yìn. Màlúù á máa wò wá láàárín pákó. Oòrùn á máa mú. Àwọn ọlọ́jà tó ń lọ Ọ̀yìngbò á dúró díẹ̀, wọ́n á ṣépè díẹ̀, wọ́n á wá ti igbá wọn gba abẹ́ ibi tí wágọ́ọ̀nù kan ti kọ́ èkejì, wọ́n á sì rá tẹ̀lé e. Gbogbo ayé ló ń ṣe é. Mo rí ìyá tó pọn ọmọ tuntun tó rá gba abẹ́ rẹ̀, tó dìde lódì kejì, tó tún ọ̀já rẹ̀ so, tó ń lọ.

Àǹtí mi kì í jẹ́ ká ṣe é. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di tísà nígbà náà, ọmọge tó ń lọ gáùn rẹ̀ títí ìlà rẹ̀ á fi mú bí ọ̀bẹ. Láàárọ̀, àwọn ìyá àdúgbò á fa ọmọ wọn lé e lọ́wọ́, wọ́n á ní, "Tísà, ẹ bá mi mú tèmi dání." Á wá kó wa dúró ti rélùwéè yẹn, a ó máa wo màlúù, màlúù á máa wò wá. Agogo ilé ìwé á lù lódì kejì, a ń gbọ́ ọ. Ọ̀gá ilé ìwé bá a wí títí ó sú u. Ó ní tísà tí agogo ń lù lẹ́yìn rẹ̀, kí ni yóò fi kọ́ ọmọ? Àǹtí mi á kúnlẹ̀, á bẹ̀bẹ̀, lọ́jọ́ kejì á tún kó wa dúró. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tó ti rá kọjá á máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.

Lára àwọn tó máa ń bá wa níbẹ̀ ni Ìyá Kúdí, tó ń din dùńdú lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé. Ọmọ rẹ̀, Kúdí, wà lára àwa tí Àǹtí mi ń kó. Lọ́jọ́ kan, a ti dúró pẹ́. Ìyá Kúdí sọ àwo rẹ̀ kalẹ̀, ó tún un gbé, ó ní iṣu òun ń gbẹ. Àǹtí mi bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe sùúrù díẹ̀ sí i. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Tísà, sùúrù kì í din dùńdú." Ó ti àwo síwájú, ó rá tẹ̀lé e.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí rélùwéè akẹ́rù ṣe máa ń gbéra fún yín. Iwájú ló ti ń fà á. Wágọ́ọ̀nù kan á gbá èkejì, èkejì á gbá ẹ̀kẹta, gbà, gbà, gbà, ariwo náà á máa sáré bọ̀ láti òkèèrè. Ẹ óò gbọ́ ọ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Gbogbo wa la gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Ìyá Kúdí náà gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà nílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ibo ni yóò sá sí?

Mi ò rí i. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mi ò rí i, torí kí wágọ́ọ̀nù tó wà níwájú wa tó mì, Àǹtí mi ti yí gbogbo wa padà. Ó ní, "Ẹ kọjú sí mi. Ẹ ké a-bí-dí." Òun nìkan ló kọjú sí irin. A ń ké a-bí-dí, ó ń fi ọwọ́ darí wa bí ẹni tó wà ní kíláàsì, Kúdí ń ké e pẹ̀lú wa, ohùn rẹ̀ ló ga jù. Mo tẹjú mọ́ ojú Àǹtí mi, gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn wa ni mo sì rí níbẹ̀. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ tí ọmọdé ń ké a-bí-dí, ara mi á kọ́kọ́ bù máṣọ kí n tó rántí pé ìwé ló ń kà.

Ìyá Kúdí kò kú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ló lọ. Nígbà tó yá, ó padà sídìí dùńdú, àpótí ló ń jókòó lé, kò sì tún pa irú ẹ̀fẹ̀ yẹn mọ́. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, bí a ṣe délé, Àǹtí mi lọ sídìí kànga, ó tú okùn kúrò lára korobá, ó jókòó sórí ilẹ̀ lásán pẹ̀lú gáùn rẹ̀ tó lọ̀, ó ń ta okùn náà ní kókó. Kókó kan, á fi àyè ọmọ kan sílẹ̀, á ta òmíràn. Ìyá wa bi í pé kí la ó wá fi fa omi. Ó kàn ń ta kókó lọ ni, á ta ọ̀kan, á tú u, á tún un ta. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹ̀rù máa ń ba tísà.

Bí a ṣe wá ń kọjá láti ìgbà náà nìyí. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní kókó tirẹ̀, ibẹ̀ ni yóò dì mú. Bí rélùwéè bá dúró sójú ọ̀nà, a ó rìn lọ dé ìdí géètì, ó pẹ́ ni, ó yá ni. Bí irin bá ṣófo, Àǹtí mi á di orí okùn mú, á wo apá Muṣin, á wo apá Èbúté Mẹ́ta, á fetí sílẹ̀, á tún wò. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Òun á kọ́kọ́ kọjá, á dúró lódì kejì, á máa fà wá mọ́ra díẹ̀díẹ̀. Bàtà ìbáà bọ́, síléètì ìbáà jábọ́, ẹnì kan kì í bẹ̀rẹ̀ mú un. Òun náà kì í sì tú ọwọ́ lára orí okùn títí ẹni ìkẹyìn á fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí yóò fi ẹnu ara rẹ̀ wí pé, "Mo ti kọjá, Àǹtí." Kì í fi ojú gbà á. O lè dúró gbọnyin níwájú rẹ̀, bí o kò bá tíì wí i, kò ní tú u. Bó bá gbọ́ ọ ni yóò tó mí kanlẹ̀. Á fi ọwọ́ kan orí wa lọ́kọ̀ọ̀kan, á ká okùn sí èjìká, á ní, "Ó ti di kíláàsì."

Èmi ni ẹni ìkẹyìn.

Ẹ má rò pé ipò ọlá ni. Iwájú yín, ẹ̀yìn ọ̀rẹ́ yín lẹ ń wò. Ẹ̀yìn yín, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Àwọn tó kù ti dé orí koríko, ìwọ ṣì wà láàárín irin méjèèjì. Ìyá wa gbọ́, ó sì gbé ìjà kò ó. Mi ò rí i kí ó bínú báyẹn rí. Ó ní, "Nínú gbogbo ọmọ àdúgbò, èyí tó ṣẹ́kù fún mi yìí lo rí fi sídìí okùn?"

Àǹtí mi ní, "Ìyá, ọmọ ta ni kí n fi sí i?"

Ìyá wa yí padà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó wọ yàrá lọ, a ń gbọ́ ẹkún rẹ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, mo mọ òwe náà dáadáa, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìwọ ni ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n kó, o kì í fẹ́ràn rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni ẹ̀rù ń bà mí. Bí mo bá ti gbé ẹsẹ̀ lé òkúta, tí mo bá rò pé irin ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ mi á wúwo, n kò ní lè rìn. Àǹtí mi á mọ̀ ọ́n lára okùn. Á pè mí láti òdì kejì, ohùn rẹ̀ kò ní ga ju bó ṣe yẹ lọ, á ní, "Máa bọ̀, má sáré. Mo dì í mú." Ẹ̀rù náà kì í lọ o. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi á gbéra.

Ayé fi wá ṣẹ̀sín. "Màlúù Tísà" ni wọ́n ń pè wá, wọ́n á ní Tísà ti ń da ẹran rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ ìkórè kan, gbogbo wa gbé ohun ọ̀gbìn dání fún ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ayọ̀délé sì gbé àkùkọ. Ọwọ́ kan di kókó mú, ọwọ́ kan di àkùkọ. Láàárín irin gan-an ni àkùkọ ti já, ó sì gba ojú irin lọ sápá Muṣin tòun ti okùn lẹ́sẹ̀. Gbogbo ojú ló tẹ̀lé e, ọwọ́ kan kò tú. Ayọ̀délé ń sunkún, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń bá ti àwa yòókù lọ. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Onígéètì búra pé òun kò rí àkùkọ, pé rélùwéè ni yóò ti gbá a. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ náà, rélùwéè kọ́ ló ń ta òórùn ọbẹ̀ adìyẹ nínú àtíbàbà onígéètì.

Àwọn ọmọ lọ, àwọn ọmọ mìíràn dé. Àǹtí mi fẹ́ ọkọ, akọ̀wé ìjọba kan tó níwà pẹ̀lẹ́, ó bí àwọn òbí yín, ó sì ń ta okùn tuntun bí ti àtijọ́ bá gbó. Oyún wà nínú rẹ̀, ó ń fa okùn. Ọkọ rẹ̀ kú, ó ń fa okùn nínú aṣọ dúdú. Nígbà tó wá fẹ̀yìn tì, a rò pé ó ti tán. Kò tán, inú ilé ló gbé e wọ̀. Ṣé ẹ rò pé lásán ni ìdílé yìí kì í fọwọ́ kan oúnjẹ Kérésì títí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn jù bọ̀ á fi wọlé? Ìrẹsì á tutù, ọmọ á sunkún, Màmá Tísà á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ á máa wo géètì. Ẹ̀yin tó wà lókè òkun náà, ẹ mọ̀ pé bí ẹ bá balẹ̀ tí ẹ kò pè, kò ní sùn. Kì í béèrè pé báwo ni ìrìn àjò. Ó ń dúró de kí ẹ fi ẹnu ara yín wí pé ẹ ti dé. Bí wọ́n ṣe tọ́ ìdílé yìí nìyẹn, okùn kan náà ni.

Ẹ wá wo rélùwéè tuntun tó ń kọjá báyìí. Ó mọ́, ó tutù nínú bí fíríìjì, mo ti wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí ju ti àtijọ́ lọ. Ti àtijọ́, ẹlẹ́nu ni, á ti pariwo ara rẹ̀ láti Muṣin. Èyí, kí o tó gbọ́ ọ, ó ti dé. Wọ́n mọ fẹ́ǹsì sí i lápá méjèèjì, wọ́n ṣe afárá fún ẹlẹ́sẹ̀. Kò sì sí bí a ṣe lè ṣe ebòlò kó má run ìgbẹ́, àwọn èèyàn wa ti dá ihò sí fẹ́ǹsì náà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò yìí, wọ́n ń gba ibẹ̀ lọ. Bí mo bá rí i, mo máa ń rántí Ìyá Kúdí, mo máa ń gba ọ̀nà mìíràn. Ẹni ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá.

Ẹ mọ bí iyè Àǹtí mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Kọ́kọ́rọ́ ló kọ́kọ́ ń gbàgbé, lẹ́yìn náà iyọ̀ ọbẹ̀, lẹ́yìn náà orúkọ. Dókítà ní kò sí oògùn rẹ̀, ọjọ́ orí ni. Fúnkẹ́, ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń tọ́jú rẹ̀, máa ń ti géètì pa. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò tó kọjá yìí, Fúnkẹ́ wọlé tọ̀ mí wá pẹ̀lú aṣọ tútù lọ́wọ́. Ó ní, "Màmá Kékeré, ta ló da aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sá sílẹ̀?"

Mo jáde wò ó. Aṣọ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, okùn tí a sá wọn sí kò sí. Géètì ṣí sílẹ̀. Fúnkẹ́ ké, ó sáré gba ọ̀nà títì lọ, torí ibẹ̀ ni ẹni tó bá sọnù máa ń gbà. Èmi kò bá a lọ. Èmi mọ ẹni tó mú okùn lọ, mo mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ẹ̀yin tó ń fi ọ̀pá mi ṣe yẹ̀yẹ́, mo gbàgbé rẹ̀ sílé lọ́jọ́ náà. Mò ń fi ọwọ́ ti ara ògiri lọ, mò ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ tí kò létò.

Mo bá a níbi ihò náà. Gáùn funfun ló wọ̀, ó wọ bàtà ilé ìwé rẹ̀ ti àtijọ́, èyí tí kò wọ̀ láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ti gba ihò kọjá, ó dúró sẹ́bàá irin, ó ń wo apá Muṣin, ó ń wo apá Èbúté Mẹ́ta. Ó di orí okùn mú. Bó bá jẹ́ òun nìkan ni, ẹ̀rù tí ì bá bà mí kò ní tó báyẹn. Àwọn ọmọ wà lórí okùn náà. Àwọn ọmọ kéékèèké, nínú yunifọ́ọ̀mù, pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn. Wọ́n ń lọ sílé ìwé, ìyá arúgbó kan ní kí wọ́n dì í mú, ẹ sì mọ ohùn tísà, ọmọdé kì í jiyàn sí i. Ó ti ta okùn náà ní kókó, kálukú sì di tirẹ̀ mú. Ẹni àkọ́kọ́ ti dé ẹ̀yìn rẹ̀ nínú ihò.

Nígbà náà ni mo rí iná rélùwéè lápá Muṣin.

Mi ò mọ ohun tí ẹ̀yin ì bá ṣe. Bí mo bá fa okùn, ó lè fa òun náà ṣubú, ibi tí yóò ṣubú sí kò dára. Bí mo bá pariwo pé rélùwéè ń bọ̀, mo mọ̀ ọ́n, yóò yára láti kó àwọn ọmọ kọjá kó tó dé. Àwọn kan ń kígbe lódì kejì, etí rẹ̀ kò gbọ́. Mo dé ìdí okùn. Mo di kókó ìkẹyìn mú. Kò sí ẹnì kan níbẹ̀, bí ẹni pé ó ti ń dè mí láti ọjọ́ yìí wá. Mo pariwo bí mo ṣe ń pariwo lọ́mọdé, mo ní, "Mo ti kọjá, Àǹtí."

Ó gbọ́ ọ.

Mo rí i tí èjìká rẹ̀ wálẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. Ó tú ọwọ́ lára okùn, ó yí padà, ó kẹ̀yìn sí irin, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ kan orí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gba ihò padà bọ̀ sọ́dọ̀ mi. Rélùwéè kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Atẹ́gùn rẹ̀ gbé gáùn rẹ̀ sókè, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó fi ọwọ́ kan orí tèmi náà. Ó ní, "Ó ti di kíláàsì." Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ẹrẹ̀, mo sì tọ̀ sára. Mi ò tijú láti sọ ọ́ fún yín.

Gbogbo yín dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ ra aṣọ fún mi. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ń gbé pẹ̀lú rẹ̀, èmi ni mo rí ohun tó tẹ̀lé e. Ọwọ́ tó tú lára okùn lọ́jọ́ náà, kò fẹ́ di nǹkan kan mú mọ́. A fi ṣíbí sí i, ó bọ́. Ó kọ oúnjẹ. Ó dùbúlẹ̀, ó ń wo àjà, ojú rẹ̀ balẹ̀ bí ojú ẹni tó parí iṣẹ́. Ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn ló ń dẹ́rù bà mí. Mo mọ̀ ọ́n ní ìgbésí ayé mi gbogbo, kò sí ọjọ́ kan tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ báyẹn rí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó bi mí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹyẹ lọ, ṣé ẹni ìkẹyìn ti kọjá? Mo wo ọwọ́ rẹ̀ tó wà ní gbalasa lórí aṣọ ibùsùn. Mo ní, "Rárá, Àǹtí. Ó ku èmi." Ọwọ́ náà pa dé. Ó wá etí aṣọ ibùsùn, ó dì í mú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó jẹ ẹ̀kọ. Láti ìgbà náà, bó bá ti béèrè, ohun tí mò ń wí nìyẹn. Ó ń béèrè láàárọ̀, ó ń béèrè lọ́sàn-án, mò ń ní ó ku èmi. Bí ẹ ṣe bá a láàyè títí di Sọ́ńdè òní nìyẹn. Ṣé ẹ ti wá rí ohun tí Dámi sọ? Mo rí ìka rẹ̀ tó ń ṣí.

Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ tí n kò tíì sọ. Nígbà tí mo sáré wọlé, tí mò ń ní ó kù, ó ku èmi, Àǹtí mi yí ojú sí mi. Ó pẹ́ tó ti wò mí bí ẹni tó mọ̀ mí. Ó ní, "Máa bọ̀, má sáré. Mo dì í mú."

Inú mi dùn. Ẹ rí i tí mo ń sunkún, ẹ rò pé ìbínú ni, ayọ̀ ni. Ìgbà tí mo jókòó sórí àga yìí tán ni mo wá rántí ibi tó máa ń dúró sí bó bá ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Kì í sọ ọ́ lápá ìhín irin rárá. Á ti kọjá sódì kejì kó tó sọ ọ́. Ẹ̀rù tó ń bà mí láti àárọ̀ nìyẹn. Mo rò pé èmi ni mò ń dá a dúró lápá ìhín. Bóyá òun ló ti ń dúró dè mí lọ́hùn-ún, tí kò lè sinmi nítorí mi. Ohun tó sì wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Nítorí náà, bó bá bi yín, ẹ sọ fún un pé ó ku Màmá Kékeré. Kì í ṣe irọ́. Ọjọ́ tí yóò bá gbọ́ pé mo ti kọjá, ẹnu mi ni yóò ti gbọ́ ọ.

Ẹ gbọ́, ó ń pè. Dámi, wá gbé mi dìde. Mú ọwọ́ mi, kì í ṣe ibẹ̀ yẹn, ọrùn ọwọ́ ni kí o dì mú. Máa lọ níwájú, má sáré. Má sì tú u títí n ó fi wí fún ọ.